Ẹni Tí A Kò Pè Padà

Ìyàndá aránṣọ ti pinnu pé òun ò ní gbé irọ́ òun wọ ilẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ kò tí ì pé ogún ọdún, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa sá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Fegge nílùú Onitsha, ó gun orí ìtàgé níwájú àwọn Yorùbá ìlú náà, ó ṣí fìlà, ó ní: “Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ṣe ohun búburú kan tí mo fi pa mọ́ fún yín. Òní ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Aláwàdà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, wọ́n sì rò pé eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kan péré ni kò rẹ́rìn-ín, obìnrin kan tó fi ìborùn dúdú bo orí, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Súlìyát lorúkọ rẹ̀. Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ojú rẹ̀ fi le báyẹn, àfi kí n mú yín padà sẹ́yìn.

Kò pẹ́ tí ogun abẹ́lé parí ni Ìyàndá wá sí Onitsha. Ìlú náà nígbà yẹn dà bí ẹnu àgbà tí eyín ti ká: ilé kan dúró, méjì ti wó. Ṣùgbọ́n ibi tí aṣọ ti jóná ni aránṣọ ti ń rí iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí owó epo rọ̀bì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, tí bíríkì ń gorí bíríkì ní gbogbo àdúgbò, kò sí ọ̀dọ́kùnrin tí kò fẹ́ rán ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgàdà tí ń gbálẹ̀ kiri. Òun àti Àyúbà, ọmọ Ìwó, ni wọ́n jọ gba ṣọ́ọ̀bù onípákó kan nítòsí Upper Iweka. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì kan, áyọ́ọ̀nù eléédú kan, kọ́kọ́rọ́ kan. Àyúbà ga, kì í yára sọ̀rọ̀, bí o bá pa á lẹ́rìn-ín láàárọ̀, ó lè di ọ̀sán kó tó rín in. Ó ní ìyàwó, Súlìyát yìí náà, tó ń se ìrẹsì tà níwájú ilé wọn, ó sì ní ọmọbìnrin kan, Sìdíkàt, tó ń fi èdè Igbo jà, tó sì ń fi Yorùbá sunkún.

Ìyàndá ní tirẹ̀ kò ní ẹnì kankan. Yàrá kan ló gbà sí Obosi, lẹ́bàá Onitsha. Bó bá délé, àga rẹ̀ wà níbi tó fi í sí, ife rẹ̀ wà níbi tó gbé e kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé ibo lo ti ń bọ̀. Nígbà mìíràn, ó máa ń dúró pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù nítorí Mama Ifeoma, opó tó ń ta òkìrìkà ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tiwọn. Ogun ti kó ọkọ àti ọjà obìnrin náà lọ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kan pákó ṣọ́ọ̀bù tuntun náà, bó ṣe ń rí pákó kan ló ń kàn án. Ìyàndá àti Àyúbà, “nwa m” ló ń pè wọ́n, ìyẹn ọmọ mi, bí ó bá sì se ọbẹ̀ ewúro, a máa bù ú fún wọn láti orí pákó tó pín ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ìdánìkanwà yìí ló gbé Ìyàndá dé kíláàsì àwàdà Ọ̀ṣúndé. Ọ̀ṣúndé jẹ́ òṣèré alárìnká láti Ẹdẹ. Mọ́tò ẹgbẹ́ wọn ló dojú dé lọ́nà Onitsha, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá tiwọn lọ. Ó jókòó sí Onitsha, ó ń fi ọ̀pá rìn, ó sì ń kọ́ ẹni tó bá fẹ́ ní eré tí a kì í kọ sílẹ̀. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọjà bá ti sé, ni wọ́n máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé tí mo wí yẹn. Àyúbà ló kọ́kọ́ ń lọ. Ó ní, “Ìyàndá, wá bá wa lọ jàre. O kàn ń jókòó sí Obosi bí ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ilé.”

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ Ìyàndá, Ọ̀ṣúndé ní kí òun àti Àyúbà dìde. Àyúbà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀, ó ní, “Ìyá mi, ẹ kú ilé.” Ìyàndá ní, “Èmi kì í ṣe ìyá ẹ.” Ọ̀ṣúndé fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Ó ní, “O ti pa á! Ọmọ tó ti òkè òkun dé, tó dọ̀bálẹ̀ kí ọ, o ti pa á. Kí ló kù tó fẹ́ ṣe báyìí? Bí ẹnìkejì rẹ bá gbé nǹkan fún ọ, gbà á, kí o sì fi tìrẹ kún un. Bó bá ní ìyá òun ni ọ́, fún un lọ́mú!” Ìyàndá ronú díẹ̀, ó na apá sí Àyúbà, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun? Ta ló gé irun ẹ báyìí?” Ilé sì gbiná fún ẹ̀rín. Kò rántí ìgbà tí èèyàn mọ́kànlá ti jọ wo ojú rẹ̀ kẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ṣe ń wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀ṣúndé a ní etí ni òṣèré fi ń ṣeré, ẹnu kàn ń jíṣẹ́ etí ni. Ìyàndá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ, àti èyí tí wọn kò sọ. Ọ̀ṣúndé a ní, “Bí ẹnìkejì ẹ bá ṣubú, ṣubú tẹ̀ lé e, kí àwọn èèyàn lè rò pé ijó lẹ̀ ń jó. Má jẹ́ kó nìkan wà nílẹ̀.” Ìyàndá fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. Ó máa ń wí i fún Mama Ifeoma. Ẹ ò rí i bí ẹ̀kọ́ ṣe máa ń dùn lẹ́nu ẹni tí kò tí ì kàn.

Ohun kan tún wà tí Ọ̀ṣúndé kì í fi ṣeré rárá. Bí eré bá parí, yóò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì pe oníkálukú ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. “Àyúbà, padà sí orúkọ rẹ.” Ẹni tí a pè gbọ́dọ̀ dáhùn pé, “Mo ti dé.” Bí wọn ò bá tí ì pè ọ́, o ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtàgé. Ó ní bàbá òun nínú iṣẹ́ ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹni tí a kò bá pè padà yóò gbé eré délé. Ohun tí wọ́n rí lára rẹ̀ lórí ìtàgé ni wọ́n á máa rí lára rẹ̀ lọ́jà.” Àwọn ọmọ kíláàsì máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n rò pé ara àwàdà bàbá ni.

Nígbà tí ọyẹ́ mú ní ọdún kan, ní ọjọ́ Àìkú, Ìyàndá àti Àyúbà wá parí iṣẹ́ oníyàwó kan. Nígbà tó ku ṣòkòtò kan àti bùbá ìyàwó tí wọn kò tí ì lọ̀, Àyúbà ní ebi ń pa òun, òun fẹ́ lọ jẹun lọ́dọ̀ Súlìyát kí òun tó máa bọ̀ ní kíláàsì. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Ìyàndá lọ́wọ́. Ó ní, “Má gbàgbé ẹ̀yinná o.” Àwọn aránṣọ mọ̀ pé bí a bá lo áyọ́ọ̀nù eléédú tán, a ó da ẹ̀yinná rẹ̀ sínú àwo yanrìn, a ó sì wọ́n omi sí i. Ìyàndá lọ ṣòkòtò náà tán. Ẹ̀yinná ṣì pọ́n dáadáa. Ó ronú pé òun máa padà wá lọ bùbá ìyàwó lẹ́yìn kíláàsì, kí ló dé tí òun máa da èédú dáadáa nù? Ó tún ń kánjú, nítorí Ọ̀ṣúndé kì í jẹ́ kí ẹni tó pẹ́ dé ṣeré. Ó gbé áyọ́ọ̀nù náà sórí tábìlì, lórí aṣọ ìlọṣọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sáré lọ. Èédú tí kò tó ẹ̀kúnwọ́ méjì ló ṣahun sí. Ó ti bi ara rẹ̀ léèrè láìmọye ìgbà, kò sì rí èsì tí kì í ṣe ìtìjú.

Inú kíláàsì ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n gbọ́ ariwo. Ọjà ti sé, kò sẹ́ni tó tètè rí iná náà, ọyẹ́ sì ń fẹ́. Kí wọ́n tó dé Upper Iweka, ṣọ́ọ̀bù wọn ti di eérú, ti Mama Ifeoma náà ti lọ pẹ̀lú gbogbo òkìrìkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Obìnrin náà kò ké. Ó jókòó sórí òkúta kan, ó ń wò. Ó ní, “War carry the first one. Fire carry this one.” Ìyàndá fẹ́ lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé ìṣísẹ̀ kan, ó dúró. Àyúbà fa apá rẹ̀, ó rọra bi í pé, “Ìyàndá, ṣé o da ẹ̀yinná nù?” Ó ní, “Mo dà á nù.” Àyúbà ní, “Ó dáa. A jẹ́ pé ibòmíràn ni iná ti wá.” Ó gbà á gbọ́ kíá, bí a ti ń gba omi lọ́wọ́ ẹni tí a mọ̀. Ká ní ó jiyàn ni, bóyá Ìyàndá ì bá jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀.

Oṣù kan kọjá. Wọ́n ń yá ẹ̀rọ lò ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ Yorùbá wá ní kí kíláàsì Ọ̀ṣúndé wá ṣeré fún gbogbo èèyàn, kí inú ìlú lè dùn díẹ̀. Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ Ọ̀ṣúndé wú lọ́jọ́ náà, kò lè wá. Ó ránṣẹ́ sí Ìyàndá pé, “Ìwọ ni kí o pàtẹ́wọ́ fún mi. Pe ẹnikẹ́ni tó bá gun orí ìtàgé padà. Má gbàgbé o.” Ìyàndá ní òun gbọ́.

Ní irú eré yìí, àwọn òǹwòran ló ń sọ ohun tí a ó fi ṣeré. Nígbà tó kan Ìyàndá àti Àyúbà, ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ ṣe ti iná Upper Iweka!” Àwọn kan ní èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí náà? Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi rín. Kí Ìyàndá tó mọ ohun tó máa ṣe, Àyúbà ti di ọlọ́pàá. Ó yọ ikùn, ó fún Ìyàndá lọ́rùn aṣọ, ó ní, “Ìwọ télọ̀! Ìwọ lo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀! Jẹ́wọ́!” Kò ní ohun kan lọ́kàn. Ó kàn gbé eré fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí a ti kọ́ wọn ni. “Bẹ́ẹ̀ ni” nìkan ló yẹ kí Ìyàndá sọ. Òfin eré wí bẹ́ẹ̀, òótọ́ náà sì nìyẹn. Àmọ́ nítorí pé òótọ́ ni, kò lè wí i. Ojú gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó. Ó ṣáà rí i pé ẹnu òun ń sọ pé, “Ọ̀gá ọlọ́pàá, àbí ẹ ti gbàgbé? Télọ̀ lẹ̀yin náà kí ẹ tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀yin lẹ fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ẹ wá ń wá ẹni tẹ́ ẹ máa mú!”

Ojú Àyúbà tàn. Ó rò pé ọ̀rẹ́ òun fún òun lẹ́bùn ni. Ó yọ fìlà, ó gbá orí ara rẹ̀, ó ní, “Háà! Bẹ́ẹ̀ ni! Èmi ni! Ebi ló ń pa mí. Mo gbọ́ òórùn ìrẹsì ìyàwó mi láti Upper Iweka, mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù, mo gbàgbé tábìlì, mo gbàgbé orúkọ bàbá mi. Ẹ̀yin ará ìlú, mo mú ara mi!” Ó fún ara rẹ̀ lọ́rùn aṣọ, ó ń wọ́ ara rẹ̀ kiri ìtàgé, ó ń bẹ ara rẹ̀, ó sì ń kọ̀ fún ara rẹ̀. Àwọn èèyàn ń já lulẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà, ní apá ọ̀tún, ẹ̀rín dákẹ́. Obìnrin kan ní, “Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ? Eré la fi ń sọ òótọ́ o.” Ẹlòmíràn ní, “Èmi náà rí i lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn Ìyàndá ló dé kíláàsì. Òun ló kẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀bù.”

Àkókò nìyẹn láti pàtẹ́wọ́. Àyúbà ti dúró sí àárín ìtàgé, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè, òógùn bo ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo Ìyàndá. Ó ń dúró kí ó pe òun. Ìyàndá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, “Ó tó,” ó sì bọ́ sílẹ̀ lórí ìtàgé, ó fi Àyúbà sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti tàn dé Obosi kó tó di ọjọ́ kejì. Mama Ifeoma wá bá Àyúbà fúnra rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, “Nwa m, na you? Why you no come tell me? I for pardon you.” Àyúbà ní, “Mama, na play. I swear.” Obìnrin náà wò ó pẹ́, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Who dey use my fire play?” Ó kó ohun tó kù fún un, ó padà sí ìlú rẹ̀ ní Nkwelle.

Alàgbà Ògúndélé, olórí àwọn Yorùbá, wá pe ìpàdé àwọn àgbà, nítorí pé orúkọ gbogbo wọn ló fẹ́ bàjẹ́ láàárín àwọn onílé. Níbẹ̀ ni Ìyàndá ti ṣe èyí tó burú jù. Àyúbà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ìyàndá ló kẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé òun da ẹ̀yinná nù, mo sì gbà á gbọ́. Èmi wà nílé, mò ń jẹun.” Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń gbèjà ẹni tó ń pa á. Súlìyát kúnlẹ̀, ó ní ọkọ òun wà nílé lóòótọ́. Wọ́n ní, “Ìyàwó rẹ̀ ni ọ́, kí lo tún máa sọ?” Ògúndélé wá yíjú sí Ìyàndá. “Ọ̀dọ̀ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́jọ́ náà?” Kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ bó ṣe jókòó síbẹ̀ yẹn, ó ń gún un nítan. Ó ní, “Àyúbà ló gbà á lọ́wọ́ mi.” Àyúbà gbé orí sókè. Kò bínú. Ó kàn wo Ìyàndá bí ẹni tí ó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti mọ̀ ọ́n.

Kò sẹ́ni tó lé Àyúbà ní Onitsha, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún gbé aṣọ fún un. Ó ní òun máa kọ́kọ́ lọ sí Ìwó, bí ilẹ̀ bá rọ̀, òun á ránṣẹ́ pe Súlìyát àti ọmọ. Ìyàndá lọ sí gáréèjì Upper Iweka lọ́jọ́ náà. Kò mọ ohun tó gbé òun lọ. Àyúbà rí i láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì, ó sì yọ orí jáde sí i. Ó ní, “Ìyàndá, o ò pè mí padà.” Bọ́ọ̀sì ṣí. Ìyàndá rìn dé orí afárá odò Niger, ó ju kọ́kọ́rọ́ náà sómi.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé. Ní ti Ìyàndá, irọ́ ni. Ọ̀ṣúndé padà sí Ẹdẹ, ó fi kíláàsì lé e lọ́wọ́, ibẹ̀ ni bàbá náà sì kú sí. Ìyàndá di ìlú-mọ̀ọ́ká. Bó bá ń kọjá, àwọn èèyàn á ti máa rẹ́rìn-ín kó tó kí wọn. Ṣùgbọ́n kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣeré pọ̀ mọ́, òun nìkan ló ń dá a ṣe, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá wo ojú rẹ̀ lórí ìtàgé, ojú Àyúbà ló ń rí. Yóò pa igba èèyàn lẹ́rìn-ín, yóò sì lọ jókòó ti ife kan ní Obosi. Ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má fi ẹnìkejì wọn sílẹ̀. Bó bá ti sọ ọ́ tán, ó máa ń lọ síta láti lọ mí.

Lẹ́yìn ọdún bíi márùn-ún, Súlìyát wọ ṣọ́ọ̀bù tuntun tí Ìyàndá ti gbà. Kò bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìpàdé yẹn. Ó gbé dànṣíkí ọkùnrin kan sórí tábìlì, ó ní, “Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ wá láti Ìwó. Àìsàn ló pa á. Bá mi gé e, kó di bùbá fún Sìdíkàt.” Ìyàndá kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú àmójúkúrò.” Súlìyát ní, “Télọ̀ pọ̀ ní Onitsha. Ìwọ ni mo gbé e wá fún. Nwa ọkụ ni wọ́n ń pe ọmọ mi nílé-ìwé, ọmọ iná. Bó bá bi mí bóyá bàbá òun ló jó ilé opó, mo ń sọ pé rárá. Ó ní ta wá ni? Kí ni kí n sọ fún un?” Kò dúró gbọ́ èsì. Ìyàndá yí dànṣíkí náà sódì láti tú u. Ó rí ọwọ́ Àyúbà nínú ojú rírán náà, àwọn ojú abẹ́rẹ́ kéékèèké tó máa ń rán lẹ́ẹ̀mejì ní abíyá kó má bàa ya. Ó gbé sísọ́ọ̀sì, kò lè gé e. Ó sunkún títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ọjọ́ kejì ló ránṣẹ́ sí Súlìyát pé kó wá sí Fegge lọ́jọ́ Àìkú.

Bó ṣe dé orí ìtàgé nìyẹn, tó ní òun fẹ́ jẹ́wọ́, tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Èmi ni mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ ní Upper Iweka.” Wọ́n rántí eré ijọ́sí, ẹ̀rín sì di ìlọ́po. Ẹnì kan kígbe pé, “Mú ara ẹ!” Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe eré.” Ẹ̀rín ń pọ̀ sí i. Ọkùnrin kan ń fi ọwọ́ lu itan. Kò tí ì dá wà rí bí ó ṣe dá wà lórí ìtàgé yẹn. Ohun tó fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yìí ti di odi láàárín òun àti wọn, kò sì mọ ibi tó máa gbà kọjá.

Súlìyát dìde. Ó rìn láàárín bẹ́ǹṣì, ó gun orí ìtàgé, ó dúró síwájú Ìyàndá. Obìnrin náà kò lọ sí kíláàsì àwàdà rí. Ó ní, “Ọ̀dọ̀ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?”

“Ọ̀dọ̀ mi.”

“Ta ló gbà á lọ́wọ́ ẹ?”

“Kò sẹ́ni tó gbà á. Inú àpò mi ló wà nígbà tí mò ń purọ́ fún àwọn àgbà. Mo jù ú sódò Niger.”

“Ọkọ mi ńkọ́?”

“Ilé ló wà. Ó ń jẹun. Ó sọ fún mi kí n má gbàgbé ẹ̀yinná.”

Ẹ̀rín kan ṣì kù ní ẹ̀yìn, òun náà dákẹ́. Alàgbà Ògúndélé fi ọwọ́ ti bẹ́ǹṣì dìde. “Ìyàndá, eré ni èyí, àbí òótọ́?”

“Bàbá, òótọ́ ni. Eré ni ti ọjọ́ kìíní. Ẹ gba ti ọjọ́ kìíní gbọ́, ẹ sì ń fi tòní rẹ́rìn-ín. Mi ò bá yín wí, èmi ni mo kọ́ yín. Láàárọ̀ ọ̀la, mò ń lọ sí Nkwelle lọ kúnlẹ̀ fún Mama Ifeoma. Ohun tó bá ní kí n ṣe, màá ṣe é.” Ó yíjú sí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó jókòó níwájú. “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, mo kọ́ yín pé kí ẹ gba ohun tí ẹnìkejì yín bá gbé fún yín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ̀ ń gbé fún un. Ẹ̀bi yín kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹ má sì bọ́ sílẹ̀ lórí ìtàgé kí ẹ fi èèyàn sílẹ̀ níbẹ̀.” Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Súlìyát. Ó ní, “Dárí jì mí.”

Súlìyát ń wò ó nílẹ̀. Ìyàndá wá rántí ohun kan. Ó dìde. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo àárín ìtàgé, níbi tí Àyúbà dúró sí lọ́jọ́ náà tó pa ọwọ́ pọ̀, ó ní: “Àyúbà, padà sí orúkọ rẹ.”

Súlìyát ló dá a lóhùn.

“Ó ti dé,” ló wí.

Ó tún ìborùn rẹ̀ fà bo orí. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó dúró, kò sì wẹ̀yìn. “Bàbá Ọ̀ṣúndé ti kú,” ó ní. “Ìwọ ńkọ́, ta ló kù tó máa pè ọ́?” Ó sì jáde lọ.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ̀ lé e lọ. Ìyàndá kò sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá tí ì pè kì í sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró sórí ìtàgé, ó fetí sílẹ̀, títí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn fi ṣófo.